Ṣúgà type 1 àti gbígbin sẹ́ẹ̀lì: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó tọ́ sí yín, àti ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀

Ẹni tó bá ní ṣúgà type 1, tàbí tó ń tọ́jú ẹni tó ní in, kò ní pẹ́ táwọn èèyàn á fi máa fi fídíò ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé wọ́n ti rí oògùn ẹ̀ o, wọ́n ti ń gbin sẹ́ẹ̀lì sára èèyàn báyìí, abẹ́rẹ́ ti parí nìyẹn. Òótọ́ wà nínú ẹ̀, àsọdùn náà sì pọ̀ nínú ẹ̀. Mo fẹ́ tò ó sílẹ̀ fún yín bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e yẹ̀ wò, irú ẹni tó yẹ fún, ohun tẹ́ ẹ máa bi dókítà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, àti ohun tó ń dúró deni lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀yin tí tiyín jẹ́ type 2, ọ̀rọ̀ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín, àmọ́ ẹ lè jókòó tì wá.

Kí n yáa ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù ká tó rìn jìnnà: pàṣípààrọ̀ ni gbígbin sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì. Tó bá ṣiṣẹ́, ẹ ó gbé abẹ́rẹ́ ínsúlínì kalẹ̀ tàbí kó dín kù gan-an, ẹ ó wá gbé oògùn tó ń rẹ àwọn ọmọ ogun ara (ìyẹn àwọn tó ń bá àrùn jà nínú ara) sílẹ̀ dípò ẹ̀, ẹ ó sì máa lò ó lójoojúmọ́ níwọ̀n ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Oògùn yẹn lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè jẹ́ kí àrùn tí ò yẹ kó tó nǹkan dáni wólẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ nígbà náà: nínú wàhálà méjèèjì, èwo ló wúwo jù fún yín? Ẹnìkan wà tí ṣúgà ẹ̀ máa ń já lulẹ̀ lóru tí ò ní mọ̀, tí ìyàwó ẹ̀ kì í lè fi ọkàn balẹ̀ sùn, pàṣípààrọ̀ yìí lè lérè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan sì wà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kàn ti sú u ni. Ìyẹn nìkan ò tíì tó o.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó bàjẹ́

Ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ni pancreas wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa tú omi tó ń da oúnjẹ sínú ìfun, àmọ́ káàkiri inú ẹ̀ làwọn ìdì sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan wà, Paul Langerhans tó jẹ́ ará Jámánì ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe wọn lọ́dún 1869, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní islet Langerhans. Wọ́n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú àgbàlagbà, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá kó gbogbo wọn jọ wọn ò ju ìdá 1 sí 2 nínú 100 pancreas lọ. Inú islet yìí ni sẹ́ẹ̀lì beta wà, òun ló ń ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, tó ń tú ínsúlínì sílẹ̀ bó ṣe yẹ kí ṣúgà má bàa ga jù.

Ní type 1, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló dojú kọ sẹ́ẹ̀lì beta tí wọ́n sì pa á. Kì í ṣe nǹkan dídùn tẹ́nikẹ́ni jẹ jù ló fà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi lára àwọn òbí. Ibí yìí gan-an ni ìṣòro gbígbìn ti wá, torí tẹ́ ẹ bá gbin sẹ́ẹ̀lì tuntun, ọ̀tá méjì ló ń dúró dè é. Àkọ́kọ́ làwọn ọmọ ogun tó máa ní àlejò lèyí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí kíndìnrín téèyàn gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Èkejì làwọn tó pa ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọn ò sì gbàgbé. Nítorí náà, kódà kó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tara yín ni wọ́n fi ṣe é, tí ọ̀tá àkọ́kọ́ ò sì rí nǹkan sọ, ọ̀tá kejì ṣì wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ọ̀pọ̀ ìròyìn ló máa ń fò ó.

Tẹ́nìkan bá ní "sẹ́ẹ̀lì", ẹ bi í pé sẹ́ẹ̀lì ibo

Èyí tó ti pẹ́ jù ni islet tí wọ́n yọ nínú pancreas ẹni tó ti kú, tí wọ́n fi ẹ̀yà ara ẹ̀ tọrẹ. Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń wá ọ̀nà ẹ̀ o. Lọ́dún 1893, nílùú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó mọ ínsúlínì rárá, dókítà kan ki ègé pancreas àgùntàn sábẹ́ awọ ara ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 kan, ọmọ náà kú lọ́jọ́ kẹta. Lọ́dún 1972, Paul Lacy àti Walter Ballinger ní St. Louis l'Amẹ́ríkà fi islet wo ṣúgà eku sàn. Ó wá di ọdún 2000, ní Edmonton lórílẹ̀-èdè Kánádà, James Shapiro àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé èsì jáde pé àwọn gbin islet sára èèyàn 7, àwọn méjèèje ló fi ínsúlínì sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe yàtọ̀ ni pé wọ́n yọ steroid kúrò nínú oògùn (steroid máa ń gbé ṣúgà sókè, ó sì ń ni sẹ́ẹ̀lì beta lára), wọ́n sì fi islet tó pọ̀ tó, látara olóògbé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnì kan.

Ariwo sọ. Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e, torí òun ló máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ka èsì. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀nà Edmonton yẹn lọ sí ọsibítù 9 fún èèyàn 36, àwọn 16 ló wà láìlo ínsúlínì lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n gbé ìyẹn jáde ní 2006. Nígbà tí wọ́n sì tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n ṣe é fún ní Edmonton fúnra ẹ̀ títí ọdún 5, bí ìdá 10 nínú 100 péré ni ò tíì padà sídìí abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní kò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 wọn ni sẹ́ẹ̀lì yẹn ṣì ń mú ínsúlínì díẹ̀ jáde nínú wọn, díẹ̀ yẹn sì tó láti jẹ́ kí ṣúgà má máa já lulẹ̀ lójijì. Fún ẹni tí ìjálulẹ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀ yẹn gan-an ló wá rà.

Ọwọ́ ti já sí i látìgbà yẹn. Ní June 2023, FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí islet olóògbé gẹ́gẹ́ bí oògùn, Lantidra ni wọ́n pè é, fún àgbàlagbà tí ṣúgà ẹ̀ ń já lulẹ̀ burúkú léraléra láìka gbogbo ìtọ́jú sí. Èèyàn 30 ni wọ́n fi dán an wò: 21 wà láìlo ínsúlínì fún ọdún kan ó kéré tán, 10 lára wọn kọjá ọdún 5, àmọ́ àwọn 5 wà tí ò fi ínsúlínì sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ rántí márùn-ún yẹn náà.

Ìṣòro ẹni tó ti kú ni pé wọn ò tó. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá sẹ́ẹ̀lì náà ṣe látinú stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ṣeé sọ di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì míì. Doug Melton ní Harvard, tí àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì ní type 1, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn lọ́dún 2014 pé wọ́n lè fi stem cell èèyàn ṣe sẹ́ẹ̀lì beta lọ́pọ̀ yanturu. Ibẹ̀ ni zimislecel ti wá, èyí tí kọ́ńpìnnì Vertex ń dán wò. Ní June 2025 wọ́n gbé èsì èèyàn 12 tó gba ìwọ̀n tó pé jáde: lẹ́yìn ọdún kan, 10 nínú wọn ò lo ínsúlínì mọ́, ìjálulẹ̀ burúkú sì ti dáwọ́ dúró lára gbogbo wọn. Ó dáa gan-an, mi ò ní fi pa mọ́. Àmọ́ gbogbo wọn ló ń lo oògùn tó ń rẹ ọmọ ogun ara sílẹ̀, èèyàn méjì sì kú nínú ìdánwò náà, ọ̀kan látara àrùn inú awọ ọpọlọ tí fúngọ́ọ̀sì fà, irú èyí tó máa ń wọlé sára ẹni tí ọmọ ogun ara ẹ̀ ti rẹlẹ̀, èkejì látara àìsàn ọpọlọ tó ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Irú kẹta ni èyí tí gbogbo wa ń retí, èyí tí ò ní nílò oògùn yẹn rárá. Ní Uppsala lórílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n tún jíìnì islet olóògbé kan ṣe káwọn ọmọ ogun ara má bàa dá a mọ̀, wọ́n gún un sínú ẹran apá ọkùnrin kan láìfún un ní oògùn kankan, nígbà tí wọ́n sì gbé èsì ọ̀sẹ̀ 12 jáde ní 2025, sẹ́ẹ̀lì náà ṣì wà láàyè tó ń mú ínsúlínì jáde. Ìwọ̀n tí wọ́n fún un kéré, ọkùnrin náà ṣì ń gún ínsúlínì ẹ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n fi hàn ni pé sẹ́ẹ̀lì lè fara pamọ́, wọn ò tíì sọ pé ṣúgà ti lọ. Ti Tianjin ní Ṣáínà ní 2024 náà ńkọ́, obìnrin ọdún 25 tí wọ́n fi ọ̀rá ara ẹ̀ ṣe sẹ́ẹ̀lì fún, tó fi ínsúlínì sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta? Òótọ́ ni. Ohun táwọn tó ń pín in kiri kì í fi kún un ni pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún un tẹ́lẹ̀, ó ti ń lo oògùn tó ń rẹ ọmọ ogun ara sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà a ò lè fi tiẹ̀ mọ ohun tí ọ̀tá kejì yẹn ì bá ṣe.

Ẹ wò ó bóyá ó yẹ yín

Tí ṣúgà bá ń já lulẹ̀, ara máa ń kìlọ̀: ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á máa bò, àyà á máa lù kìkì. Àmọ́ tí type 1 bá ti pẹ́ lára ẹlòmíì, ìkìlọ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀, ẹni náà á kàn máa sọ̀rọ̀ wótowòto láàárín ìjókòó tàbí kó ṣubú lulẹ̀ láìmọ ohun tó ṣe é. Irú àwọn yìí ni gbígbin islet wà fún jù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ti ń sanwó ẹ̀ láti 2008, ohun tí wọ́n ń wò ni pé ṣé ẹni náà ti ní ìjálulẹ̀ burúkú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún méjì, tó sì jẹ́ pé kì í mọ̀ tó bá ń bọ̀. Burúkú tí wọ́n ń sọ yìí ni èyí tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ní láti gbà yín. Àwọn kejì tí wọ́n ń gbà ni àwọn tí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún, tí ṣúgà wọn ò sì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, torí àwọn wọ̀nyẹn ti ń lo oògùn yẹn tẹ́lẹ̀, kò sí pàṣípààrọ̀ tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Nítorí náà, iṣẹ́ yín àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Ìbéèrè kan wà táwọn dókítà máa ń lò, Gold score ni wọ́n ń pè é: láti 1 dé 7, ṣé ẹ máa ń mọ̀ tí ṣúgà yín bá ti ń já lulẹ̀? 1 ni pé ẹ máa ń mọ̀ nígbà gbogbo, 7 ni pé ẹ kì í mọ̀ rárá, ẹni tó bá wà ní 4 sókè, ìkìlọ̀ ara ẹ̀ ti ń kú. Ẹ dáhùn ẹ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ wá bi ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé bákan náà, torí ìdáhùn méjèèjì kì í sábà bára mu, ti ẹni kejì yẹn ni mo máa kọ́kọ́ gbà gbọ́.

Ẹ wá ìwé kan tàbí fóònù, kẹ́ ẹ máa kọ gbogbo ìjálulẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́, aago, iye tí míṣìnì kà, ohun tẹ́ ẹ jẹ àti ìwọ̀n ínsúlínì tẹ́ ẹ gún ṣáájú ẹ̀, ta ló rí yín, kí ló fún yín, ṣé ẹ dé ọsibítù. Tí ẹlòmíì bá ní láti bù nǹkan sí yín lẹ́nu tàbí gún yín ní glucagon (abẹ́rẹ́ tó ń gbé ṣúgà sókè), ẹ fi àmì sí i gàdàgbà. Tẹ́ ẹ bá ń lo sensọ̀ tó ń ka ṣúgà lára, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé ẹ̀ jáde fún yín. Dókítà tó bá rí oṣù mélòó kan báyìí lórí ìwé á bá yín sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tẹ́ ẹ kàn sọ fún pé "ó máa ń já lulẹ̀ ṣá".

Wọ́n máa bi yín pé kí lẹ ti gbìyànjú, ẹ má bínú sí i. Ẹni tí ò tíì lo sensọ̀ tó ń pariwo tí ṣúgà bá ń lọ sílẹ̀, tàbí pọ́ǹpù tó ń bá sensọ̀ sọ̀rọ̀ tó ń dín ínsúlínì kù fúnra ẹ̀, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ lọ lò ó, torí ọ̀pọ̀ ni wàhálà ẹ̀ parí síbẹ̀. Lójú tèmi ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù ṣeé bọ́ sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ti wọ inú ẹ̀dọ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbìn ín sí, ò ṣeé ṣà jáde mọ́.

Àwọn ohun tó lè dínà rèé. Tí kíndìnrín yín bá ti ń ṣàìsàn, oògùn yẹn á tún dá kún un, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wò fún pípààrọ̀ pancreas àti kíndìnrín lẹ́ẹ̀kan náà dípò ẹ̀. Tí ara yín bá tóbi tàbí ínsúlínì tẹ́ ẹ ń lò lóòjọ́ bá pọ̀ jù, islet tí wọ́n rí ò ní ká yín: ó kéré tán 5,000 islet ni wọ́n ń wá fún kílò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wọn kílò 70 nílò 350,000, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń rí yọ nínú pancreas kan kì í ju ìlàjì ohun tó wà nínú ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà míì kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ tí ò tíì pẹ́, àrùn tó ṣì ń jà lára, obìnrin tó ṣì fẹ́ bímọ láìpẹ́, gbogbo ìyẹn náà ni wọ́n máa wò. Ẹni tó máa ń gbàgbé oògùn, kó yáa sọ òótọ́ fúnra ẹ̀.

Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa gbé lọ

Ẹ bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n ti ṣe níbẹ̀, mélòó ni ò lo ínsúlínì lẹ́yìn ọdún kan, mélòó lẹ́yìn ọdún 5, àti mélòó ni C-peptide ẹ̀ ṣì wà. C-peptide ni ègé tó máa ń já kúrò lára ínsúlínì nígbà tí sẹ́ẹ̀lì beta bá ń ṣe é, abẹ́rẹ́ ínsúlínì ò ní in, nítorí náà tí wọ́n bá rí i nínú ẹ̀jẹ̀ yín, sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Kò sí nọ́ńbà tó ṣòótọ́ tó o.

Ẹ bi wọ́n pé oògùn wo, ta ló ń sanwó oògùn náà lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa wá fún àyẹ̀wò, àti bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ súnmọ́ ọsibítù tó.

Ìbéèrè kan wà táwọn èèyàn kì í rántí, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ bi wọ́n: tí sẹ́ẹ̀lì yìí bá kú, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí mi? Ara lè ti kọ́ bó ṣe máa bá ẹran ara àjèjì jà, á ti kó ohun ìjà tí wọ́n ń pè ní antibody jọ, tẹ́ ẹ bá wá nílò kíndìnrín lọ́jọ́ iwájú, ó lè ṣòro láti rí èyí tó bá yín mu. Dókítà tó bá dáhùn ìyẹn láìyí i síbì kan, ẹ lè bá a ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an

Tí wọ́n bá gbà yín, wọ́n á fi orúkọ yín sórí ìlà, ẹ ó wá máa retí ìpè. Ìpè yẹn lè dé láàárọ̀, lálẹ́, ó lè dé kó sì já sí asán torí islet tí wọ́n yọ ò tó tàbí kò mọ́.

Nínú láàbù ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Wọ́n á fún enzyme tó ń yọ́ ẹran ara sínú pancreas náà, wọ́n á gé e sínú ìkòkò irin kan tí wọ́n ń fi orúkọ Camillo Ricordi pè, ẹni tó ṣe é jáde lápá ìparí 1980s, àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké wà nínú ìkòkò yẹn, wọ́n á máa mì ín káwọn bọ́ọ̀lù yẹn máa tú ẹran náà ká. Díẹ̀díẹ̀ làwọn islet á máa bọ́ jáde, wọn ò ju èérún yanrìn lọ. Wọ́n á mú díẹ̀, wọ́n á da àró kan tó ń jẹ́ dithizone sí i, tẹ́ ẹ bá wò ó nínú maikirosíkóòpù, islet á pọ́n wòò, ẹran tó kù ò ní pọ́n. Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń yí bíríbírí ya ìdọ̀tí kúrò, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò àrùn wà níbẹ̀.

Ní tiyín, kò sí pé wọ́n ń la ikùn. Yàrá ẹ̀ksiréè ni wọ́n máa ń gbé èèyàn lọ, wọ́n á fún yín ní oògùn tó ń jẹ́ kára wálẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í sùn pátápátá. Dókítà á pa ẹ̀gbẹ́ yín ọ̀tún lóró, á fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú awọ lọ sínú ẹ̀dọ̀, á máa wo ojú ẹ̀rọ títí á fi wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń wọ ẹ̀dọ̀, portal vein. Wọ́n á wá gbé báàgì kan kọ́, omi inú ẹ̀ ò mọ́ kedere, islet ló wà nínú ẹ̀ yẹn, ẹnìkan á máa fọwọ́ mì ín díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má bàa rọ sísàlẹ̀. Ó ń kán lọ fúnra ẹ̀, kò sí pé wọ́n ń tì í. Láàárín ẹ̀ wọ́n á máa wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti iṣan yẹn, tó bá ga jù wọ́n á dá a dúró. Gbogbo dídà yẹn kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Islet á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ há sínú àwọn iṣan tín-ín-tín inú ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á máa gbé.

Ìdí tí wọ́n fi ń lo ẹ̀dọ̀ ni pé ó rọrùn láti dé, ínsúlínì sì máa ń kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá ná tẹ́lẹ̀. Kò dára tán ṣá. Bí islet bá ṣe kan ẹ̀jẹ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ á gbógun tì í, á fẹ́ dì, ọ̀pọ̀ lára wọn ló ń kú láàárín ọjọ́ àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún yín ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ̀jẹ̀ máa da láti ojú ibi tí wọ́n gún, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú portal vein, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi scan wo ẹ̀dọ̀ yín kẹ́ ẹ tó lọlé.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá délé

Ẹ má retí pé ẹ ó sọ ínsúlínì nù lọ́jọ́ kejì. Wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ ṣì máa gún un fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan káwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun lè sinmi kí wọ́n ta gbòǹgbò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló nílò dídà ẹ̀ẹ̀kejì, nígbà míì ẹ̀ẹ̀kẹta. Wọ́n á máa pè yín fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń fún yín ní ohun mímu tó ní oúnjẹ nínú, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, wọ́n á tún gbà á lẹ́yìn 90 ìṣẹ́jú láti wo C-peptide.

Oògùn ni ibi tí ìgbésí ayé ti máa yí. Tacrolimus wà lára èyí tí wọ́n ń lò jù, tí ẹ bá ń lò ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, wákàtí 12 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín méjì. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ má lo ti àárọ̀ títí wọ́n á fi gba ẹ̀jẹ̀ tán, torí èyí tó kù sílẹ̀ láti alẹ́ ni wọ́n fẹ́ wọ̀n, ẹ gbé oògùn yẹn dání lọ. Èso grapefruit máa ń jẹ́ kó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, egbòogi St John's wort máa ń jẹ́ kó kéré jù, nítorí náà kò sí egbòogi tàbí oògùn tẹ́ ẹ máa mu láìkọ́kọ́ bi wọ́n. Tí dókítà ibòmíì bá fẹ́ fún yín ní steroid nítorí ikọ́ tàbí oríkèé ríro, ẹ sọ fún un pé ẹ ní islet nínú ara.

Àwọn míì tún wà lára oògùn yìí. Sirolimus máa ń dá egbò sẹ́nu. Mycophenolate léwu fún ọmọ inú oyún, obìnrin tó bá ń lò ó ò gbọ́dọ̀ lóyún. Oòrùn máa ń tètè fa jẹjẹrẹ awọ fún ẹni tó ń lo oògùn wọ̀nyí, ẹ máa bo ara. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ní kòkòrò ààyè nínú ò ṣeé gbà mọ́, ẹ gba gbogbo èyí tó kù yín kù kó tó di ọjọ́ gbígbìn. Ibà kékeré sì ti di ọ̀rọ̀ ìpè lórí fóònù, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa sùn lé lórí.

Ìròyìn, àtàwọn oní-gbájúẹ̀

Tí ìròyìn tuntun bá dé, nǹkan mẹ́rin ni mo máa ń wá nínú ẹ̀ kí inú mi tó dùn: èèyàn mélòó, ìgbà mélòó lẹ́yìn ẹ̀, ṣé wọ́n ń lo oògùn tó ń rẹ ọmọ ogun ara sílẹ̀, àti iye C-peptide. Ìròyìn tí ò bá ní ọ̀kan lára ẹ̀, ẹ ní sùúrù fún un. Tó bá sì jẹ́ ti eku ni, ẹ kí àwọn eku.

Àwọn ibì kan wà tó ń ta "stem cell" fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó, wọ́n á fa omi kan sí yín lápá, wọ́n á ní ó ń wo ṣúgà, ó ń wo orúnkún, ó ń wo ojú. Ẹ sá. Ìdánwò tó tọ́ máa ń wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ bíi ClinicalTrials.gov, ẹ lè fi nọ́ńbà ẹ̀ wá a, àmọ́ wíwà níbẹ̀ nìkan ò tó ẹ̀rí, torí ẹni tó ń ṣe ìdánwò ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá ọsibítù ìjọba tàbí yunifásítì wà nídìí ẹ̀, bóyá ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí fọwọ́ sí i, bóyá àwọn ló ń sanwó sẹ́ẹ̀lì tàbí ẹ̀yin. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san owó gọbọi fún ohun tí wọ́n ṣì ń dán wò, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ dá ínsúlínì dúró kí "sẹ́ẹ̀lì lè ríṣẹ́ ṣe", ikú nìyẹn o, mi ò sọ àsọdùn, ẹni tó ní type 1 tí ò ní ínsúlínì lára, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á kan bí ọtí kíkan, tí èébì àti mímí fùkẹ̀fùkẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀.

Tí tiyín ò bá tíì kàn

Àgbàlagbà ni Lantidra wà fún, àgbàlagbà náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò zimislecel. Fún ọmọdé, fífi oògùn yẹn rẹ ọmọ ogun ara ẹ̀ sílẹ̀ fún bí ọgọ́ta ọdún kì í ṣe nǹkan tí dókítà tó mọṣẹ́ á kàn gbà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe fún un ni kẹ́ ẹ tọ́jú kíndìnrín àti ojú ẹ̀: HbA1c (àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù mélòó kan hàn) déédéé, àyẹ̀wò ìtọ̀ fún prótíìnì lọ́dọọdún nígbà tó bá tó ọjọ́ orí ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru kó má ga. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ bá pé nígbà tí èyí tó dáa jù bá dé, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Ẹ sọ fún dókítà yín náà pé tí ìdánwò kan bá ń wá èèyàn, kó rántí yín, kẹ́ ẹ sì rí i pé ìwé ìjálulẹ̀ tẹ́ ẹ ń kọ yẹn, ọjọ́ tí wọ́n rí type 1 lára yín, àti èsì C-peptide yín wà pa pọ̀ nínú fáìlì kan, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.